Ọbabìnrin Ilé Òkú Lórí Àga Màmá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnìkanwà. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín tán, torí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìkíni yìí ò dùn rárá, mi ò sì fẹ́ kí ẹ sọ lọ́la pé àbúrò yín ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti kí yín o.

Mo ti dí nọ́ńbà yín lórí fóònù mi, ẹ má wulẹ̀ pè. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní "àbúrò mi, má bínú," nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì lọ níbi tó yẹ kí ẹ ti dáhùn. Ìwé ni kí ẹ kọ. Ohun tí èèyàn bá kọ, kò ní lè sẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ géèmù yín ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun dé, inú gbogbo wa dùn. Bàbá Tíntín ló gbé e sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì ìránṣọ mi. Dísìkì onígun mẹ́rin tí ẹ kọ "Fún Tíntín" sí lára, ẹ ní géèmù tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ń ṣe ló wà nínú rẹ̀, irú tàtijọ́, tí àwòrán rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn to ègé aṣọ kéékèèké mọ́ra, tí ẹni tó ń ṣeré náà á máa tẹ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀: "Wọlé." "Mú idà." "Sáré." Ẹ ní ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ oníyìnyín kan láyé àtijọ́ ni. Mo ní kò burú. Tíntín tó ti pé ọmọ ọdún méje tí kì í fẹ́ rí ìwé sójú, géèmù yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń kàwé. Á máa pariwo sí mi láti ìdí kọ̀ǹpútà. Ó sọ ti bàbá olójú kan tó yọ ojú kejì jù sínú kànga kó lè gbọ́n. Mo ní, "Ṣé kò sí ilé ìwé lọ́dọ̀ wọn ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó sọ ti ìkookò tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dè, tí òrìṣà kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà fura. Ìkookò gé ọwọ́ náà jẹ. Tíntín ní, "Màmi, ó mọ̀ pé ó máa gé e jẹ o, ó ṣì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu." Mò ń ránṣọ, mò ń gbọ́, ó ń dùn mọ́ èmi náà.

Ó wá di Sátidé tó kọjá. Òrìṣà kan tí gbogbo ayé fẹ́ràn ti kú nínú géèmù yín, Tíntín sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, kó lọ bẹ ọbabìnrin tó ń ṣọ́ àwọn òkú pé kó dá a sílẹ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ igbe. Ẹ̀gbọ́n mi, igbe ọmọ oríṣiríṣi ló wà, ìyá sì mọ̀ wọ́n. Mo sáré wọlé, téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi.

Màmá ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà. Màmá wa. Ìyá tó bí yín kó tó bí mi ló jókòó sórí àga nínú ilé òkú! Ìdajì ojú rẹ̀ dára. Ìdajì kejì dúdú, ètè wọ́ lọ sísàlẹ̀, ojú pa dé. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọbabìnrin ń wò ọ́. Ìdajì rẹ̀ yè, ìdajì rẹ̀ ti kú. Kí lo máa ṣe?"

Tíntín tẹ "Sáré." Òun náà dìde, ó sáré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ fún yín, nígbà tí ẹ kì í bèèrè. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Màmá lọ́dún tó kọjá, oúnjẹ máa ń dà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Ojú ń tì wọ́n. Bí èmi bá gbé ṣíbí dé ẹnu wọn, wọ́n á pa ẹnu dé. Bí nọ́ọ̀sì tó ń wá bá wọn na ọwọ́ tó rọ bá gbé e dé, wọ́n á yíjú. Tíntín nìkan ni ojú ò tì wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Tíntín á ní, "Màmá àgbà, ẹ ṣí géètì, mọ́tò ń bọ̀," Màmá á ya ẹnu, wọ́n á jẹ, bó fẹ́ dà, bó fẹ́ má dà. Bí Màmá ṣe ń jẹun láti bí ọdún kan nìyẹn.

Ní báyìí, Tíntín ò wọ yàrá Màmá mọ́. Ó ní obìnrin abẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ yọ ojú Màmá kúrò nínú géèmù yẹn. Ẹ kọ̀wé sí ọmọ yìí, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Kíá ni o.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Tíntín ńkọ́? Bá mi kí Màmá púpọ̀púpọ̀. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo tún kà á nígbà ìsinmi. Yàrá yìnyín tí a ń kó ẹja sí yìí, ìbọ̀wọ́ méjì là ń wọ̀ léra, a ò sì lè fi ìbọ̀wọ́ ṣí ìwé. Nítorí náà, mọ̀ pé nígbà tí mò ń ka ọ̀rọ̀ rẹ, ọwọ́ mi ń ro mí.

O ti gba ọ̀rọ̀ yìí sódì. Géèmù ni, àwòrán ni. Ìtàn náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá wa. Àwọn ará àtijọ́ yẹn ló sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ òkú, ìdajì rẹ̀ yè, ìdajì rẹ̀ kú. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ojú ló ń tan ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Sọ fún Tíntín pé kó má bẹ̀rù. Ọmọ tó gboyà ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ọbabìnrin yẹn ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, a gbé géèmù náà lọ síbi ìpàtẹ kan, àwọn èèyàn dúró síwájú rẹ̀, wọn ò lè lọ. Ẹnì kan ní òun ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú géèmù rí. Ó yẹ kí inú rẹ dùn sí mi díẹ̀.

Ní ti oúnjẹ Màmá, ẹ máa fi sùúrù bá wọn lò. Àgbà ló ń pa dà di ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìwọ,

Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. Mo wá "ẹ" nínú ara mi láàárọ̀ yìí, mi ò rí i.

O ní ekòló ni mo rí. Ekòló wo ló ń wé ìborí Màmá? Ìborí aláwọ̀ ewé tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó, tí ihò rẹ̀ wà lókè iwájú orí, ihò yẹn wà lórí ọbabìnrin rẹ. Mo kà á, ègé dúdú mẹ́ta lo fi ṣe é. Àga ńkọ́? Àga Màmá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá, tí Bàbá Tíntín fi okùn ọ̀rá búlúù so. Òrìṣà ilẹ̀ oníyìnyín, láyé àtijọ́, ṣé okùn ọ̀rá búlúù ni wọ́n ń lò láti fi so àga ààfin? Àmì dúdú abẹ́ ètè Màmá ńkọ́? Ṣé àwọn baba ńlá wọn ló kọ ìyẹn náà sínú ìtàn?

O wo àwòrán Màmá tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù débi pé o rí ihò ara aṣọ. O ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni obìnrin yìí ń jẹ.

"Ẹ máa fi sùúrù bá wọn lò." Ìwọ! Èmi tí mò ń yí Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn má baà bó, kí n tó gé aṣọ oníbàárà, kí n tó wẹ ọmọ, ìwọ lò ń kọ́ mi ní sùúrù láti inú yàrá ẹja. Bẹ́ẹ̀ o rí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan gbà láti gbé ojú Màmá káàkiri ìpàtẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo fi ọwọ́ mú Tíntín dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ dání. Màmá ti ń ya ẹnu kó tó sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò, inú wọn ń dùn. Tíntín wo ojú wọn. Ó bi mí pé, "Màmi, ṣé ibi tó ti kú lára Màmá àgbà máa ràn dé ibi tó kù?" Ó bi mí sókè. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá jáde.

Màmá ò lè sọ̀rọ̀ geere, ṣùgbọ́n etí wọn ò rọ. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sì kọjú sí wa mọ́ títí di àárọ̀ yìí.

Ṣé ojú ló ń tàn wá?

Yọ ọ́.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Ìwọ náà,

Mi ò rí èsì. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà bí ẹni ń béèrè gbèsè, ó ti wá ń gba òdìkejì títì kọjá.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wọn apá Màmá, ó ní wọ́n ti rù, pé omi ẹ̀kọ tí wọ́n ń mu ò tó. Ó ní bí wọn ò bá jẹun dáadáa títí ìparí oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú, ibẹ̀ ni wọ́n á máa da oúnjẹ gbà. Màmá gbọ́. Wọ́n na ìka kan sókè, wọ́n jù ú síwá sẹ́yìn. Wọn ò fẹ́.

Mo tún rán Tíntín lánàá. Mo tẹ̀ lé e láìjẹ́ kó rí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í wọ yàrá bí ẹni ń bọ́ ajá olóró. Mo nà án. Mi ò na ọmọ yẹn rí láyé mi. Mo nà án tán, àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, a sunkún.

Ọwọ́ mi ló nà án, ṣùgbọ́n ìwọ lo rán an níṣẹ́.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí pé gbogbo èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo fà á ya. Èyí náà, ó ṣeé ṣe kí n kábàámọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ni. Ṣé o ti gbọ́ ohun tí o fẹ́ gbọ́?

Nísinsìnyí, ìwọ náà gbọ́ tèmi. O ní o ń wá "ẹ" nínú ara rẹ, o ò rí i. Mo bi ọ́ léèrè: ta ló fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí mi? O ti sọ lórí fóònù pé ara Màmá ò yá, pé ọwọ́ kan ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo rò pé ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, àárín iṣẹ́ ni o, fóònù mi dún, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ṣí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣáájú, kò sí ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ojú ìyá mi ni mo rí, tó ń yọ́ sísàlẹ̀ bí àbẹ́là, tí Tíntín ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó lé páálí ẹja. Ọ̀gá wa ń pariwo pé kí n dìde, omi ojú ń dì mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí o ṣe fi ojú Màmá jù mí lókùúta nìyẹn, o wá lọ jókòó sídìí máṣìnnì rẹ.

O ní mi ò bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Mi ò bèèrè, torí bí mo bá bèèrè, wàá dá mi lóhùn. Ìdáhùn yẹn ni mò ń sá fún. Mi ò lè wo àwòrán náà ní odindi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tò ó ní ègé kọ̀ọ̀kan, mo lè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ lónìí, kí n wo ètè lọ́jọ́ mìíràn. Báyìí ni mo ṣe rí ojú ìyá mi wò tán. Àwọn ará àtijọ́ yẹn ní ìtàn ẹni tí ìdajì rẹ̀ kú tó ṣì jẹ́ ọbabìnrin. Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀, òun nìkan ló ní àyè tí mo lè fi Màmá sí tí wọn ò ní di ẹni ẹ̀gàn.

Ìwọ wà níbẹ̀. Ò ń fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́. Ohun tí èmi ní kò ju àwòrán kan ṣoṣo lọ, ìyẹn náà lo ní kí n pa rẹ́.

Mi ò ní yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí, bó o fẹ́, bó o kọ̀.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti padà sí "ẹ". Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Màmá ló ní kí n padà sí i. Mo ka lẹ́tà yín fún wọn, gbogbo rẹ̀, mi ò fo nǹkan kan, pẹ̀lú ti páálí ẹja. Wọ́n kọjú kúrò lára ògiri. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń fà, ṣùgbọ́n èyí já geere: "Gbé mi lọ wò ó."

Mo ní, "Màmá, ẹ má wò ó."

"Ṣé ojú ẹ ni, àbí ojú mi?"

Èmi àti Bàbá Tíntín gbé wọn tàga-tàga dé ṣọ́ọ̀bù, àga ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, Bàbá Tíntín ń bú okùn tí òun fúnra rẹ̀ so. A gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Tíntín ti sá sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì hàn síta. Mo tan géèmù yín, mo wọ abẹ́ ilẹ̀.

Màmá wò ó. Mo ń retí kí wọ́n bú sẹ́kún, mo ti mú aṣọ ìnujú dání.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló yà á, Màmá."

"Mo ní, ta nìyí?"

"Wọ́n ní . . . ọbabìnrin ilé òkú."

Wọ́n pòṣé, itọ́ sì bá òṣé jáde. "Kò jọ mí."

"Màmá, ó jọ yín o. Ẹ wo ìborí. Ẹ wo àga."

"Ìborí ló jọ. Àga ló jọ. Èyí, ọ̀tún rẹ̀ ló kú. Òsì ni tèmi. Ṣé mi ò mọ ibi tí mo ti kú ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo kọ̀ǹpútà, mo wo Màmá. Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń bú yín láti oṣù kẹta, èmi náà ò rí i! Òsì ni ti Màmá. Tíntín ló ya àwòrán yẹn fúnra rẹ̀, ó yí fóònù kọjú sí àwọn méjèèjì tàga-tàga bí ẹni ń wo dígí, fóònù mi sì máa ń yà á bí dígí náà ni: ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe tò ó.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ abẹ́ tábìlì mira. Tíntín yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ológbò. Ó dúró síwájú àwọn méjèèjì, Màmá àti kọ̀ǹpútà. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ó na ọwọ́, ó sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá níbi tó rọ̀.

"Ibí ni ti Màmá àgbà." Ó fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ti ìyẹn, ibí ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Màmá ní.

"Àmì ẹnu yín náà, wọ́n gbé e síbòmíràn."

"Olè ni," Màmá ní. "Ó jí ìborí mi wé."

Tíntín yọ ẹ̀rín. Ó yíjú sí ọbabìnrin yín, ó ní, "Olè! Àga ta lo jókòó lé?" Ẹ̀rín wá gba Màmá, ìdajì ẹnu ń rẹ́rìn-ín, ìdajì ń tutọ́, Bàbá Tíntín sì ń wo òkè àjà bíi pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, géètì ṣí, mọ́tò wọlé. Abọ́ kan gbáko. Nọ́ọ̀sì ò tún dárúkọ rọ́bà imú mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú géèmù yín. Kì í ṣe Màmá. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó kù, torí òun ló ń dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ò mọ apá tó kú lára ìyá yín.

Mo gbà pé èmi ni mo fi àwòrán jù yín lókùúta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kí ojú bá ojú sọ ọ́. Rọpárọsẹ̀, ẹ ò sí nílé nígbà tó dé, mi ò lè ní kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ètè Màmá ńkọ́? Àmì tí ẹ mu ọmú lábẹ́ ẹ̀, tí ẹ máa ń fi ìka tẹ̀ bíi bọ́tìnnì nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí Màmá á sì máa gbá ọwọ́ yín nù? Òsì ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ wo fóònù, ẹ gba fóònù gbọ́, ẹ kó àmì ìyá yín lọ sí ọ̀tún, ọkàn yín ò sì sọ pé "dúró ná".

Màmá ní kí n kọ èyí bí àwọn ṣe sọ ọ́: "Kó wá wò ó dáadáa."

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo dìde, mo lọ dúró síwájú dígí ilé ìwẹ̀. Mo fọwọ́ kan òsì, mo fọwọ́ kan ọ̀tún. Ojú tì mí. O jàre mi.

Mo ti tún un ṣe. Mi ò sùn, mi ò wo. Gbogbo ojú náà, ègé lẹ́yọ lẹ́yọ, mo ti yí i padà. Òsì ló rọ̀ báyìí, àmì sì ti padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bínú, ó ní àwọn tó fẹ́ bá wa tà á ti fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà, mo ní kó dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa rí i tó máa ní kì í ṣe Màmá. Dísìkì tuntun wà nínú páálí yìí. Kí Tíntín fi í sínú kọ̀ǹpútà níṣojú Màmá, kí wọ́n rí i pé mo mọ̀ wọ́n.

Ní ti wíwá sílé, ọ̀gá wa ní mo ti lo ìsinmi mi tán. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Bá mi bẹ Màmá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Páálí yín dé láìbàjẹ́.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bóyá mo fo ibì kan. Wọ́n ní kí ẹ wá wo ojú, ẹ wá jókòó, ẹ tún àwòrán ṣe! Ọmọ tí wọ́n ní kó wá sin òkú tó fi pósí ránṣẹ́, ṣé ó wá? Bẹ́ẹ̀, èyí tí à ń wí yìí ò tíì kú o. Lánàá, wọ́n ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀.

Ṣé ẹ tiẹ̀ ro Tíntín rò? Ohun kan ṣoṣo tó mú ọmọ yìí padà wọ yàrá ìyá yín ni pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ẹ wá fi àìsùn tún àṣìṣe náà ṣe, ẹ ní kí n fi í hàn án. Kó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ti abọ́!

Dísìkì yín ò wọ kọ̀ǹpútà, kò sì ní wọ̀ ọ́. Tíntín bèèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Màmá ní kí n gbé e wá. Wọ́n gbé e sí ọwọ́ tó yá, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Ó le." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, irú ti àtijọ́ ni." Wọ́n ní, "Fi sábẹ́ àga fún mi."

Ẹsẹ̀ àga tó dá yẹn, okùn búlúù ló so ó, ṣùgbọ́n ó ti kúrú ju àwọn tó kù lọ látìgbà náà. Mo ti fi páálí sábẹ́ rẹ̀, mo ti fi ègé aṣọ sí i, kò gbà. Dísìkì yín bá a mu rẹ́gí. Bàbá Tíntín gbé Màmá sókè, mo ki dísìkì sábẹ́ rẹ̀, ó gbé wọn kalẹ̀. Àga ò mì mọ́. Màmá fì síbí, wọ́n fì sọ́hùn-ún láti dán an wò. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo ti dúpẹ́ tiwọn. Tèmi ò tíì yá.

Mo ti ṣí nọ́ńbà yín lórí fóònù mi. Ẹ má fi pè mí láti fi bẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ ni kí ẹ fi sọ fún mi. Ẹ ní ìsinmi yín ti tán. Bí ẹ ṣe rí ti ọbabìnrin gbà, ẹ wá bí ẹ ṣe máa rí ti ìyá yín gbà. Màmá ń jẹun, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Màmá ò kéré mọ́, èmi sì ni mò ń yí wọn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fúyẹ́ sí i lóṣooṣù.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gba dísìkì yín padà, ibi tó wà ni mo sọ fún yín yẹn. Bàbá Tíntín lágbára láti bá mi gbé àga, mo ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ wá gbé Màmá sókè fúnra yín, kí n yọ ọ́.

Àbúrò yín tó ṣì ń bínú